Ègbè Tó Gbé Ọ̀rọ̀ Mì

Rodiat fi orúnkún ti àpò náà mọ́ èyí tó wà níwájú rẹ̀, ó tún fa òmíràn mọ́ra, ó sì ń fi ṣọ́bìrì da erùpẹ̀ sí i. Erùpẹ̀ náà tutù, ó wúwo, ó sì ń jò níbi tí àpò ìrẹsì náà ti ya. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsùbáà tán ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àmọ́ kò nàró. Bó bá nàró, ọ̀sà ni yóò rí, kò sì fẹ́ rí i. Ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn wà lórí omi lọ́hùn-ún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀pá gígùn rẹ̀ sì ti wọ ìsàlẹ̀ lọ bí ọwọ́ olè nínú àpò ẹni tó sùn. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fa yanrìn nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí omi ń yọ̀ lọ láti dí ihò tó gbẹ́. Etí omi náà gan-an ni itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí Ìdí-Odán wà. Kabir, ọkọ Rodiat, wà ní ìlà tó súnmọ́ omi.

Ọdún kejì rèé tí Kabir ti kú. Ibà ló pa á. Ẹńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló máa ń tún ṣe ní Èbúté Ìkòròdú, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni. Lọ́jọ́ tó kú, ìyá rẹ̀, Màmá Mùlíkátù, gba ọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ òun lọ sílé. Rodiat ló kọ̀. Ó ní ibi tí òun ń gbé ni ọkọ òun yóò sùn sí. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, “Ìwọ lo fẹ́ ẹ, èmi ni mo bí i,” kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ọlọ́run kò fi ọmọ sáàárín Rodiat àti Kabir. Sàréè yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgbéyàwó náà.

“Akọ̀wé,” ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀, “ṣé àpò ìrẹsì lo fẹ́ fi dá ọ̀sà dúró?”

Bàbá Ọláwuyì ni. Ọmọ Ọ̀ṣun ni bàbá náà, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Ìkòròdú débi pé àwọn onílẹ̀ pàápàá ti gbàgbé pé àlejò ni. Nígbà tí àgbádá rẹ̀ ṣì ń dán, òun ni àwọn olóṣèlú máa ń rán ṣáájú lọ sórí pèpéle. Ó mọ bí a ṣe ń mú kí ìjókòó gbóná fún ẹni tó jókòó. Òun ni alága ẹgbẹ́ àdúgbò Ìdí-Odán báyìí, Rodiat sì ni akọ̀wé rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” Rodiat dáhùn, kò gbójú sókè. “Bí ẹ bá ní ohun tó dára ju àpò lọ, ẹ gbé e wá.”

“Mo ní in. Ọ̀túnba ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.”

Rodiat nàró.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ọ̀túnba. Ìdílé rẹ̀ ló ni etí omi tí wọ́n fi yá àwọn tó ni ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìwé tí Rodiat ti kọ sí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà, èsì kan kò ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìdìbò ọdún 2007 ti ń kanlẹ̀kùn, Ọ̀túnba ń du ipò, ó sì ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ tó láti lé ẹ̀rọ náà kúrò níwájú itẹ́ òkú kí òjò tó dé. Bí òjò bá bá a níbẹ̀, ìlà Kabir yóò wọ omi. Aláìgbọ́n nìkan ni yóò máa jiyàn ìyẹn.

“Wọ́n fún wa láyè láti sọ̀rọ̀,” Bàbá Ọláwuyì ní. “Kò ní ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife kòkó kan lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á kà á. Ìwé rẹ máa ń tọ́.”

Lóòótọ́ ni, ìwé Rodiat máa ń tọ́. Kò jókòó ní yàrá yunifásítì kankan. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà wá, nínú àpòòwé, láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí kò fojú rí rí, títí tó fi gba ìwé-ẹ̀rí tí ọ̀fíìsì kan ní Èkó fi gbà á síṣẹ́. Àwọn olùkọ́ náà ti fi gègé pupa gé e dáadáa. Ibikíbi tó bá ti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fàlà sí i. Láti ìgbà náà ni àsọtúnsọ ti dà bíi kí ènìyàn da omi tó mọ́ nù lójú rẹ̀.

Ó kọ ọ̀rọ̀ Ọ̀túnba sí ojú ewé kan ṣoṣo. Ó kọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà lọ́dún tó kọjá àti ibi tó wà báyìí. Ó kọ pé ìlà àkọ́kọ́ nínú itẹ́ òkú ti lọ. Ó kọ irú òkúta tí wọ́n lè kó sí etí omi kó má baà yọ̀ mọ́. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ló kọ ẹ̀bẹ̀ náà sí: kí Ọ̀túnba ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọjá èbúté àtijọ́, kó sì jẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ọláwuyì kà á tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ó dára,” ó ní. “Ó dára bí ìwé tí onílé fi ń lé ayálégbé.”

“Kí ló kù síbẹ̀, sà?”

“Kò sí ohun tó kù. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lo sọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sì sọ ọ́. Ọmọ mi, ìwé lo kọ yìí, ojú ló ń ka ìwé, ojú sì lè padà sẹ́yìn. Etí kì í padà sẹ́yìn. Ohun tó bá bọ́ lára etí, ó ti bọ́ nìyẹn.”

“Àsọtúnsọ, ìfàkókòṣòfò ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Bí iná bá mú ilé rẹ, ṣé wàá jáde síta, kí o ní ‘iná’ lẹ́ẹ̀kan, kí o wá jókòó?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Ìyá tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló ń pe ‘bàbá’ fún un? Ẹni tó ń bẹ onígbèsè… àní, ẹni tó ń bẹ ìyàwó tó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló ń ní ‘jọ̀ọ́’? Wá gbólóhùn kan fún mi. Kó kúrú, kó rọrùn lẹ́nu. Bí mo bá ti sọ ẹ̀rí kan, màá gbé gbólóhùn yẹn tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí míì, gbólóhùn yẹn náà ni. Wàá rí i pé nígbà tí mo bá fi dé ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n á ti máa bá mi rù ú.”

Rodiat gba ìwé rẹ̀, ó dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná yẹn tẹ̀ lé e délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Ipakodo lọ sí Èkó, gbólóhùn náà wá fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ń kọjá níwájú Ìdí-Odán, ó sì rí etí omi bó ṣe pọ́n, tó gé gbọọrọ bí àkàrà tí ènìyàn ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu rẹ̀ là.

“Ilẹ̀ ń lọ,” ó ní. “Ẹ gbà wá.”

Obìnrin tó jókòó tì í yíjú sí i. “Ilẹ̀ ibo?”

Rodiat sọ ilẹ̀ tó jẹ́ fún un. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, ó ń mi orí, ó ń béèrè èyí, ó ń béèrè tọ̀hún. Nígbà tí Rodiat fi dé ọ̀fíìsì, inú rẹ̀ ti ń dùn ní ọ̀nà tí kò tíì dùn láti ìgbà tí Kabir ti kú. Ó rò pé òun ti rí kọ́kọ́rọ́. Ó tún ojú ewé kan náà kọ, ó sì fi gbólóhùn náà sí ìparí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ó kà á sókè. Kò rí ìfàkókòṣòfò nínú rẹ̀ mọ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń kan ìṣó, tí òòlù ń padà wá sórí ibi kan náà.

Kó tó di Sátidé, ó kà á fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lábẹ́ ahéré tó wà létí omi. Ìbídùnní ni olórí wọn, obìnrin olóhùn dídùn tí èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tí Rodiat sọ pé ilẹ̀ ń lọ, Ìbídùnní ló dáhùn pé, “Ẹ gbà wá.” Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo wọn ló dáhùn.

“Akọ̀wé, ta ló fún ẹ nírú ọ̀rọ̀ yìí?” Ìbídùnní béèrè. “Ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ọbẹ̀ ilá.”

“Ẹ rí i pé ẹ jókòó síwájú ní Sátidé, kí ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ fi síbẹ̀. Ọ̀túnba á gbọ́ wa délé ìyá rẹ̀.”

Rodiat kí wọn, ó lọ. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ègbè náà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ta ìbòrí sí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì yá àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Oòrùn ti wà láàárín ọ̀run kí Ọ̀túnba tó dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ àti olórin kan tó máa ń tẹ̀ lé e kiri, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ awò dúdú tí kò yọ ọ́ títí wọ́n fi lọ. Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó kí àwọn àgbà, ó béèrè Aáfà Sàlísù, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un. Rodiat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìbòrí, níbi tí Bàbá Ọláwuyì ti lè rí i.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ohùn rẹ̀ kò tíì gbó bí ara rẹ̀ ṣe gbó.

“Lọ́dún tó kọjá, níwájú èbúté àtijọ́ ni ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn wà. Lónìí, bí ọmọdé bá dúró nínú itẹ́ òkú wa, tó sọ òkúta, yóò bà á. Ilẹ̀ ń lọ.”

“Ẹ gbà wá,” àwọn obìnrin dáhùn, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àmín.

“Ìlà àkọ́kọ́ nínú itẹ́ òkú ti wọ omi. Àwọn apẹja wa rí aṣọ funfun lójú ọ̀sà, wọ́n sì mọ ohun tí aṣọ náà wé. Ilẹ̀ ń lọ.”

“Ẹ gbà wá.”

Ọ̀túnba gbé orí wálẹ̀. Pápá náà dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Rodiat fi ojú inú rí ẹ̀rọ náà bó ṣe ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, tó ń lọ. Ó rí i kedere.

“Àwọn òkúta kan wà,” Bàbá Ọláwuyì ń bá a lọ, “tí wọ́n bá kó wọn sí etí omi…”

“Ẹ gbà wá,” ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. Kò tíì kàn án. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó fi òkúta sílẹ̀, ó ní, “Ilẹ̀ ń lọ,” kó lè fún wọn ní ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ìdáhùn náà gba gbogbo pápá. Àtẹ́wọ́ Ìbídùnní wọ inú rẹ̀. Ìbídùnní kò ní ibi kankan lọ́kàn. Obìnrin tó ti ń fi orin yan ẹja láti kékeré ni, bí ọ̀rọ̀ bá ti padà sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orin ló ń dà. Ó lé e, àwọn yòókù gbè é. Ẹnì kan fi ṣíbí lu agolo. Àwọn obìnrin dìde lórí àga.

Bàbá Ọláwuyì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ojú ewé náà ń fò níka rẹ̀, kò sì wò ó mọ́.

Rodiat gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá a, ó fa etí àgbádá rẹ̀. “Bàbá, ẹ kà á tán. Ẹ̀bẹ̀ náà kù.”

“Ṣé o ò gbọ́ wọn ni?” bàbá náà ní, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọkọ ìyàwó. “Akọ̀wé, ṣé o ò gbọ́ wọn?”

“Wọn ò tíì gbọ́ wa, sà. Ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀.”

Ọ̀túnba ti dìde. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta jó, ijó àgbà tí kò pọ̀, pápá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Bàbá Ọláwuyì.

“Ìdí-Odán, mo ti gbọ́ yín,” ó ní. “Ta ni yóò gbà yín?”

Wọ́n pe orúkọ oyè rẹ̀.

“Mi ò gbọ́.”

Wọ́n tún un pè. Olórin awò dúdú ti bọ́ síwájú, ó gba orin náà lẹ́nu Ìbídùnní bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ padà: Ilẹ̀ ń lọ, Ọ̀túnba ń bọ̀, yóò gbà wá. Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Rodiat pàápàá mọ̀ pé ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó sáré bá wọn nídìí mọ́tò. Ọkùnrin kan tó ń mójú tó ètò Ọ̀túnba dúró létí ilẹ̀kùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìwé wa rèé. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún wà ní ìsàlẹ̀.”

“Màdáámù, kì í ṣe òun lẹ ti ń kọ látàárọ̀? A ti gbọ́.”

“Kí lẹ gbọ́?”

“Pé ká gbà yín.”

“Lọ́wọ́ kí ni?”

Ọkùnrin náà ro ó. Ó hàn lójú rẹ̀ pé tọkàntọkàn ló fi ń ro ó. “Lọ́wọ́ ilẹ̀,” ó ní. Ó gba ìwé náà, ó ká a, ó fi ń fẹ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò.

Lọ́jọ́ náà, Ìdí-Odán yọ̀. Ìbídùnní dì mọ́ Rodiat lọ́rùn. “Akọ̀wé, o ò rí bó ṣe jó? Ẹni tó bá bá ọ jó orin rẹ, ó ti gbà fún ọ nìyẹn.” Rodiat fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló gbà, àmọ́ ó kàn gbá a mọ́ra. Inú obìnrin náà dùn jù.

Ẹ̀rọ náà kò kúrò. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Rodiat ń ra káàdì fóònù ní Itamaga, mọ́tò ìpolongo Ọ̀túnba kọjá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá lórí rẹ̀, orin náà sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbè é létí títì. Ẹni tó ń ta káàdì ń mi orí sí i bó ṣe ń ka ṣéńjì. Rodiat bi í bóyá ó mọ ilẹ̀ tí orin náà ń sọ.

“Àǹtí, orin ni,” ẹni náà dáhùn.

Rodiat gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ọ̀fíìsì ìpolongo tó wà lókè ilé ìtajà kan nítòsí. Àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó, wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́ pátákó.

“Ẹ káàsán. Láti Ìdí-Odán ni mo ti wá. Ilẹ̀ itẹ́ òkú wa ti…”

“Ń lọ,” ọ̀kan nínú wọn ní.

“Ẹ gbà wá,” àwọn yòókù dáhùn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Ọ̀kan tilẹ̀ dìde, ó gbé àga fún un.

“Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.”

“Ìyá wa, ṣé ẹ̀yin lẹ ni orin yẹn? Ẹ káre o. Orin yín ló ń gbé wa wọlé.”

Ó tún gbìyànjú. Ó ní omi, wọ́n ní ẹ gbà wá. Ó ní yanrìn, wọ́n bojú wo ara wọn, wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò kan ègbè. Ó rí i nígbà náà pé kò sí bí òun ṣe lè sọ ọ́ mọ́. Òun ti fi ọwọ́ ara òun ná ọ̀rọ̀ náà tán. Bí òun bá lọ síwájú ọba, tí òun ní ilẹ̀ ń lọ, ọba yóò bá òun pàtẹ́wọ́. Ó kí wọn, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọláwuyì ló bọ́ sí.

“Ẹ sọ fún mi pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ké lẹ́ẹ̀kan.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n lè pàtẹ́wọ́ sí i.”

Bàbá náà yíjú sí ìta. Mọ́tò ìpolongo ti dé òpópónà tiwọn náà, àwọn méjèèjì sì dúró kó kọjá.

“Ó yẹ kí n dá a dúró nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti gbé e,” ó ní. “Mo mọ̀ ọ́n dá dúró. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ọ. Ó dùn mọ́ mi ni, Rodiat. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dìde nílẹ̀ nítorí ohùn mi.”

Rodiat wá ọ̀rọ̀ tó le tí yóò fi bá a wí. Ó rántí bí inú òun náà ṣe dùn nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sì rí èyí tó tọ́ lẹ́nu òun.

Wọ́n dìbò. Ọ̀túnba wọlé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kejì wá síwájú Ìdí-Odán, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpò ìrẹsì bẹ́, erùpẹ̀ inú wọn tẹ̀ lé ti ìta lọ. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ sàréè Kabir yọ síta, igi tí wọ́n tò lé e lórí sì hàn. Rodiat lọ bá Aáfà Sàlísù.

“Mo fẹ́ gbé e kúrò, Aáfà. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́.”

Aáfà náà gbé ojú sílẹ̀. Ó ní a kì í tú òkú, àyàfi bí omi bá fẹ́ tú u, omi sì ti dé ná. Ó ní kó wá ọkùnrin, nítorí obìnrin kì í gbẹ́ sàréè. Rodiat ní àwọn ọkùnrin ń tú ti bàbá àti ìyá tiwọn. Aáfà náà wo pápá, ó rí wọn káàkiri pẹ̀lú ọkọ́ àti aṣọ funfun, olúkúlùkù lórí tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìbídùnní wà láàárín wọn, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lórí sàréè bàbá rẹ̀. Kò sí orin lẹ́nu rẹ̀.

“Bù ú jẹ́jẹ́,” Aáfà ní. “Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.”

Wọ́n gbẹ́ ẹ pọ̀. Ohun tó kù nínú Kabir kò wúwo. Aáfà Sàlísù kò jẹ́ kí ó wò ó pẹ́. Ó fi aṣọ tuntun wé e, ó ṣe àdúà, ó sì bá a gbé e dé inú ọkọ̀ tí ọ̀rẹ́ Kabir kan wà fún un láìgba kọ́bọ̀. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, Rodiat gbé e lé itan. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò yíjú sẹ́yìn.

Màmá Mùlíkátù wà létí omi nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Rodiat ti pè é lórí fóònù, ó sì ti mú ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí yóò fi tọrọ àforíjì. Ìyá náà kò dúró gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọmọ rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi òrombó. Àwọn ará ilé dúró, aáfà Ẹ̀pẹ́ ṣe àdúà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n gbé e sílẹ̀. Rodiat gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ń wa erùpẹ̀ padà. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́, Màmá Mùlíkátù kúnlẹ̀.

“Kabir,” ó ní.

Ó dúró díẹ̀.

“Kabir.”

Kò gbé e sókè, kò fi ẹkún sí i. Ó ń pè é bí ẹni tó ń pe ọmọ tó wà nínú yàrá pé kó wá jẹun.

“Màmá, ó tó,” aáfà ní. “Ẹ fi àdúà ṣe é.”

“Kabir,” ìyá náà ní. “Kabir.”

Ẹnikẹ́ni kò gbè é. Àwọn ará ilé ń wo ilẹ̀, aáfà ń wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Rodiat la ẹnu láti sọ nǹkan kan fún ìyá ọkọ rẹ̀, yálà ẹ pẹ̀lẹ́ tàbí ẹ má bínú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó rí nínú ara rẹ̀ ló dà bí ohun tí ẹnì kan ti sọ rí níbi tí èrò pọ̀ sí. Ó da erùpẹ̀ tó kù, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ títí ó fi le, ó gbé ọkọ́ ti ògiri, ó sì bu omi fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ti padà lọ. Ó ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà ẹja, ó sì kọrí sí ibùdókọ̀ tí mọ́tò Ìkòròdú ti ń kó èrò.